Afárá Inú Ìwé

Ogún ọdún ni mo fi ọkọ̀ gbé Músíbáù Odùbẹ̀lá
láti Èjìnrìn dé èbúté Ẹ̀pẹ́,
kí mọ́tò tó gbé e dé Aláùsá.
Ọnárébù lẹ̀yin ń pè é.
Èmi tí mo jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì
mọ̀ pé omi ń bà á lẹ́rù:
ọwọ́ òsì a di etí ọkọ̀ mú,
ọwọ́ ọ̀tún a di ìwé mọ́ àyà,
kò ní sọ̀rọ̀ títí a ó fi kọjá ibi ìgèrè.

Ìwé náà, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa.
Ibẹ̀ ló ń kọ ẹ̀bẹ̀ wa sí:
páànù ilé ìwé tí atẹ́gùn ṣí,
ọmọ Ràbíátù tó ń wá iṣẹ́ aṣọ́bodè,
àti afárá. Afárá, afárá,
kò sí ojú ewé tí afárá ò sí.

Ìbò àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi polongo.
Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ti ra jíìpù
tí kò lè dé ilé ìyá rẹ̀ nítorí ẹrẹ̀.
Ìgbà kẹta, wọ́n wá wọn etí ọ̀sà,
wọ́n kan èèkàn pupa mẹ́rin mọ́lẹ̀,
a pa màlúù.
Ewúrẹ́ là ń so mọ́ èèkàn wọ̀nyẹn báyìí.

Àbí kò ṣe nǹkan kan ni? Ó ṣe o.
Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn mi,
òun ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó rán an wá.
Lọ́jọ́ tí mo bá a dé ilé aṣòfin,
mo jókòó lókè níbi tí wọ́n ń fi àlejò sí,
mo rí i tó dìde sọ̀rọ̀ afárá.
Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà.
Nígbà tó jókòó, ó nu ojú,
ó wò mí lókè bí ọmọ tó sọ owó ọjà nù.

Ìbò kẹfà, ó fi mọ́kànlélógójì péré fìdí rẹmi.
Èmi gan-an ò dìbò fún un.
Ẹ má sọ fún un.

Lánàá ó wá sí èbúté, òun nìkan.
Ó tò sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ja, ó san owó ọkọ̀.
Mo ní kó fi sílẹ̀, ó kọ̀.
Ó jókòó sáàárín, ó di etí ọkọ̀ mú,
ọwọ́ kejì ṣófo.
Nígbà tí a dé ibi ìgèrè, ó ní,
"Jàmíù, níhìn-ín ni òpó kẹta ì bá wà."
Mo pa ẹ́ńjìnnì.
Omi gbé wa kọjá lábẹ́ rẹ̀.