Èémí Ọkọ̀ Bàbá

Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún mi
kí n gbé ọkọ̀ bàbá mi kúrò lábẹ́ igi dóńgóyárò
ní Sùlèjá,
ọkọ̀ gàgàrà tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní sítóòfù, tó ní kọ́tìnnì,
ilé tó ń bá bàbá rìn nígbà tó ń wọn ojú ọ̀nà
fún kọ̀ǹpìnnì àwọn òyìnbó kan,
láti Bídà dé Kọ̀ntàgórà, láti Kọ̀ntàgórà dé Yáwùrí.

Ẹ́ńjìnnì jí. Ìyẹn gan-an yà mí lẹ́nu.
Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tu èéfín dúdú sára aṣọ tí aládùúgbò sá,
obìnrin náà fi Haúsá bú mi, mo tọrọ àforíjì.
Ṣùgbọ́n táyà kò yí.
Abẹ́rẹ́ géèjì gòkè dé ọgọ́ta, ó kọ̀, kò lọ mọ́.
Mo ti bọ́tìnnì aláwọ̀ ìyeyè wọlé,
ó fò jáde: pọ́!
Mo tún tì í. Pọ́!
Bí ọmọ tí a rọ àgbo sí lẹ́nu, tó tu ú síni láyà.

Ṣẹ́kwólò dé, ọmọ Gbàgyí tó ń tún tirela ṣe.
Kò fọwọ́ kan nǹkan kan.
Òkúta ló ń ṣà. Ó fi há gbogbo táyà, níwájú, lẹ́yìn.
"Màmá, bí bíréèkì bá tú lójijì tí mo wà lábẹ́ rẹ̀,
ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún ìyàwó mi?"
Ó ní kí n jókòó sórí àga dírẹ́bà,
kí n tẹ bọ́tìnnì náà wọlé, kí n dì í mú,
kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èèyàn dákẹ́.
Ọmọ tó ń ta ìrèké pàápàá dákẹ́.
Ìgbà náà la gbọ́ ọ: sííí,
tínrín, bí ẹni tó ń ti àárín eyín sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Èmi rò pé afẹ́fẹ́ ló ń di ọkọ̀ mú.
Ó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ike omi ọṣẹ rẹ̀,
Yorùbá tó kọ́ ní Ọ̀fà ń gba abẹ́ àga jáde wá bá mi:
"Rárá o. Sípíríǹgì ni. Irin tó ká jọ, tínú ń bí.
Afẹ́fẹ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ kó tú ọwọ́.
Bí afẹ́fẹ́ bá tán, ó dì í gírígírí,
màlúù ogún ò lè fà á."

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Mínà.
Mo mọ bí èémí ṣe ń tán lára ènìyàn:
ìka á kọ́kọ́ dẹ̀,
ọwọ́ á jọ̀wọ́ aṣọ ìbora,
ọwọ́ á jọ̀wọ́ ọwọ́.
Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe jọ̀wọ́ tèmi, láàárọ̀ Jímọ̀ọ̀ kan,
rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀.
Ọkọ̀ rẹ̀ ni kò mọ irú ikú bẹ́ẹ̀.
Èémí tán nínú rẹ̀, ó sì di ilẹ̀ mú fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Mo ti rí i!" Ọṣẹ ń hó lára àpótí bíréèkì ẹ̀yìn,
ó ń wú, ó ń bẹ́, ó ń wú.
Rọ́bà inú rẹ̀ ti ya.
Kó tó tú u, ó fi irin gígùn kan de sípíríǹgì náà mọ́lẹ̀,
ó ní irú rẹ̀ ló gba eyín iwájú ọ̀gá òun.
Ó gun ọ̀kadà lọ sí Zúbà, ó pẹ́ títí,
ó gbé rọ́bà tòkunbọ̀ dé lẹ́yìn ìrun Àsárì,
a sì jà lórí owó títí ẹ̀fọn fi dé.

Géèjì kọjá ọgọ́rùn-ún. Mo ti bọ́tìnnì.
Ó dúró.
Lábẹ́ mi, ọkọ̀ mí kanlẹ̀: hàááà.
Ó sún díẹ̀, ó fara ti àwọn òkúta.
Ewé dóńgóyárò gbígbẹ ń já bọ́ láti orí rẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n yọ wọ́n?"
Mi ò tíì ro ibi tí mo máa gbé e lọ.