Igi Tí Mo Fi Ń Tọ́ Ilẹ̀ Wò

Wọ́n ní ojo ni mí.
Èmi tí mo máa ń gbọn bàtà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọ̀ ọ́,
nítorí àkekèé kan ṣoṣo tí mo rí lọ́dún tí mo pé mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ tí ẹbí pín wa bí ẹni pín iṣu tó kù sí abà Bàbá,
Fọlọ́runṣọ́ sí Lọ́kọ́ja, èmi sí Kàbà,
Ẹ̀bùn, ọmọ ọdún márùn-ún, sí Kánò,
lọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ ojú rẹ̀ rí,
ta ló ti fi epo pupa ra ìdè ilẹ̀kùn láti ìrọ̀lẹ́
kó má baà dún?
Èmi ojo.

A fi Mọ̀pà sílẹ̀ kí àkùkọ tó kọ.
Mo so etí gèlè ìyá wa mọ́ ọwọ́ Ẹ̀bùn, mo so èkejì mọ́ tèmi.
A kò gba títì. Títì ní ojú.
Abẹ́ igi kajú la gbà, èso tó ti jábọ́
ń rùn bí ọtí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.
Ọkọ̀ kan ń bọ̀. A dojú bolẹ̀ sínú ewé gbígbẹ,
mo ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, mo tún un kà.
“Ó ti lọ,” Fọlọ́runṣọ́ wí.
Mo ní, “Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́?”
Èyí tó tẹ̀lé e kọjá lóòótọ́.
Kò tan iná.

Létí odò, mo fi igi tọ́ ilẹ̀ wò:
ìgbésẹ̀ kan, igi; ìgbésẹ̀ kan, igi.
Fọlọ́runṣọ́ fò. Omi gba bàtà rẹ̀ kan lọ.
N kò sọ nǹkan kan. Mo bọ́ ẹyọ kan nínú tèmi fún un,
a jọ ń tiro dé ìdí àpáta
níbi tí oòrùn ti bá wa, tí Ẹ̀bùn ti bèèrè
bóyá Bàbá mọ̀ pé a ti kúrò nílé.
Mo bó ẹ̀pà fún un.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó gbọ́ òfì àbúrò ìyá wa,
kì, kì, lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìsánlú.
Fọlọ́runṣọ́ fẹ́ sáré. Mo dì í lẹ́wù mú.
Mo ní ká dúró lẹ́yìn igi máńgòrò, ká wò ó
bóyá alùpùpù ẹ̀gbọ́n Bàbá ti ṣáájú wa débẹ̀.
Kò sí ipa táyà nínú iyanrìn.
Mo tún wò ó. Kò sí.
Síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò gbé.

Ẹ̀bùn ló tú gèlè kúrò lọ́rùn ọwọ́ ara rẹ̀,
ó jáde sí gbangba tòun ti ikun nímú,
ó kígbe, “Òkun o!”

Òfì dákẹ́.
Mo ṣì di igi mi mú.