Lẹ́tà sí Ẹni tó Dá Oòrùn Méjì

Ìwé rẹ dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Rẹ̀mílẹ́kún,
nínú àpò ìrẹsì, òun àti bàtà ẹnì kan.
Dírẹ́bà Kábà ló jù ú sílẹ̀ ní gáréèjì Ìsánlú,
ó ní, "Tíṣà, ẹrù yín rèé, ẹgbẹ̀rin náírà."
Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń jẹ́wọ́ kí n tó ṣí ojú-ìwé kìíní.
O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọgọ́rin ẹ̀dà lo tẹ̀,
pé ewúrẹ́ méjì ìyá rẹ ló di tádàwà.

Mo fi àtùpà kà á. Iná ti lọ láti ọjọ́ Ajé.
O dá oòrùn méjì sójú ọ̀run Mọ̀pà,
ọ̀kan pupa bí aṣọ ìpò, èkejì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú,
o ní ilẹ̀ kò ṣú mọ́, adìyẹ gbàgbé ìgbà tí wọ́n ń wọlé.
Ibẹ̀ ni mo ti ṣí fìlà fún ọ nínú òkùnkùn.
Ọmọ tó mọ̀ pé adìyẹ ni ayé yóò kọ́kọ́ dàrú mọ́ lójú
kì í ṣe ọmọ lásán.

Ṣùgbọ́n n kò ní torí adìyẹ purọ́ fún ọ.
Bí oòrùn bá di méjì, kí ló dé tí èlùbọ́ kò tètè gbẹ?
Ní orí kẹrin, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ṣì fi ń sá a.
Odò Oyì ńkọ́? Ṣé ó kàn ń ṣàn lọ ni, kò gbóná?
Ọkọ̀ òfurufú rẹ gùn ju òkè lọ, ó dára,
níbo ni wọ́n ti ń tọ̀?
Gbogbo obìnrin inú rẹ̀ ló rẹwà, kò sí èyí tí eyín ń ro.
Ọba àwọn onírin sọ̀rọ̀ fún ojú-ìwé mẹ́sàn-án:
mo sùn ní ẹ̀kẹta, mo jí, kò tíì jókòó.

Àwọn ọmọkùnrin tó ń fọ yanrìn wúrà lẹ́yìn ilé wa,
iṣẹ́ kan náà lèmi àtiwọn ń ṣe.
Wọn a bu ẹrẹ̀ sábọ́, wọn a mì ín, wọn a dà á nù,
títí ìbàdí yóò fi máa ké,
nírọ̀lẹ́, ohun tó tàn kò ju ẹyin iná orí lọ,
wọn a dì í mọ́ bébà bí ohun tó lè fò.
Tìrẹ tàn lẹ́ẹ̀mẹta. Adìyẹ.
Ìyá tó gbé òfì olóòró wọ inú ọkọ̀,
tí òwú ń léfòó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi eyín mú un padà.
Àti gbólóhùn ìkẹyìn, tí n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ìwọ tó dá oòrùn méjì, mo fún ọ ní ìràwọ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni èsì dé. O kò bú mi.
"Okun o, sà. Mo ti rí tiyín náà kà,
bàbá kan ní Ẹ̀gbẹ̀ ló fi ń ti fèrèsé.
Akọni yín fi ogójì ọdún rìn láàárín ìràwọ̀,
ebi kò pa á lẹ́ẹ̀kan.
Sà, ta ni ìyá rẹ̀?"

Ìdúró ni mo wà tí mo ka ìyẹn, bàtà lẹ́sẹ̀ kan.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìwé yẹn ti jáde,
kò sẹ́ni tó bi mí rí.
Mo wà nídìí ìwé ní Ìlọrin nígbà tí wọ́n sin tèmi.

Lálẹ́ yìí mo ra ìwé ajákọ tuntun.
Mo gbé akọni náà dúró síbi tí ìràwọ̀ tán sí,
mo jẹ́ kí inú rẹ̀ kùn.
Ó ń wá iṣu sísun. Ó ń wá ẹni tó sun ún.
Oòrùn kan péré ni mo fún un,
ọjọ́ márùn-ún ni èlùbọ́ rẹ̀ yóò fi gbẹ.