Àpá Inú Yanrìn

Kí n ka ení títí dé ogún péré
ni mo fi rì wọ́n sínú ásíìdì,
bí ìyá tí ń wẹ ọmọ tuntun
tí kò fẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ létí.
Lẹ́yìn náà, omi tútù. Lẹ́yìn náà, dígí.
Òru ti jìn ní Bíṣíkẹ́kì,
ẹ̀rọ amúlégbóná ń húkọ́ bí arúgbó.

Lábẹ́ awò, àpá yọ,
tín-ín-rín, bí ìgbà tí ológbò fi èékánná ha fèrèsé.
Nínú hóró yanrìn tí kò tó orí abẹ́rẹ́
ni yuréníọ́ọ̀mù ti ń fọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìpariwo,
ìfọ́ kọ̀ọ̀kan sì fi ojú ọgbẹ́ kan sílẹ̀.
Àwọn àgbà ní egbò a máa jinná,
àpá rẹ̀ ni kì í jọ ara.
Òótọ́ ni, fún ènìyàn.
Ti òkúta yàtọ̀:
bí ilẹ̀ bá gbé e mì, tó mì ín jìn
dé ibi tí ooru ti ju ti omi híhó lọ,
àpá á pa rẹ́, ara á jọ ara,
bí ẹni tí ìyà kò jẹ rí.
Àfi bí òkè bá tún gbé e bọ̀, tí òtútù kàn án,
kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí.

Ní Át-Báṣì ni mo ti gbé e,
lẹ́bàá ògiri pupa tí Kalmúrátì, bàbá bàbá mi,
ń da àgùntàn gbà kọjá.
Ó jókòó lórí ẹṣin, ó ń wo òòlù ọwọ́ mi.
"Kí ló sọ fún ọ?"
Mo ní kò tíì sọ nǹkan kan.
"Rọra máa lù ú. Èmi àti ẹ̀ ti pẹ́."
Ó na wàrà ẹṣin sí mi, ó kan,
ojú mi fún pọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ẹṣin fi yí orí padà.

Ó gbà pé òkè yẹn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó wà.
Mo ka àpá. Mo tún un kà.
Mílíọ̀nù mọ́kànlá ọdún.
Nínú ìṣirò ilẹ̀, àná ni,
ọmọ ọwọ́ tí eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.
Íńdíà ló wọlé láti gúúsù láìkágò,
ilẹ̀ ká jọ bí ẹní tí a fẹsẹ̀ tì,
bí òkè ṣe ń ga ni kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń jìn,
ohun tí òjò bá gbà lọ́wọ́ eléyìí,
ìyẹn á gbà á, á tò ó pamọ́, ìpele lórí ìpele.

Hóró kẹtàdínlógójì kò bá wọn ṣe é.
Àpá inú rẹ̀ ṣú bí òjò.
Mílíọ̀nù igba ọdún, ó lé.
Ọ̀gá mi, Raísà, wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀:
"Àṣìṣe ni. Yọ ọ́ kúrò."
N kò yọ ọ́.
Ó ti ara òkè mìíràn wá,
òkè tí kò sí mọ́, tí kò ní orúkọ,
tó ti yòrò kí ti Kalmúrátì tó gbérí.
Kòtò yìí kò sì tíì rì í jìn tó
láti mú un gbàgbé.

Mo pè é lórí fóònù.
Mo ní, Baba, ọmọdé ni òkè yín.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ àgùntàn.
"Abájọ," ó ní, "tí kì í jókòó jẹ́ẹ́.
Lọ́jọ́ Túsìdeè ló tún mi ilé,
ife méjì ló fọ́."
Ó dákẹ́ díẹ̀ sí i.
"Àgbà tó wà láàárín wọn yẹn,
kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ o."
Mo ní kò ní orúkọ, nọ́ńbà ló ní.
"Kọ nọ́ńbà náà. Ó dàárọ̀,
àgbò kan ti wọ oko Burulkán."