Okùn Ìwọ̀n

Aránṣọ ni mí ní Kétu. N kò wọ bàlúù rí.
Okùn ìwọ̀n ni mo fi mọ òkè òkun.

Àádọ́rùn-ún ni ìbàdí Àkànjí nígbà tó ń lọ Tẹ́sásì;
ó ti di àádọ́fà.
Yàrá mẹ́fà, èèyàn méjì.
Ọkọ̀ ló fi ń lọ ra búrẹ́dì ní ìkòríta.
"Jẹ́ kí àpò jìn, ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ pọ̀."
Àmọ́ nígbà tí eyín ń dùn ún,
oṣù mẹ́ta ló fi ṣírò owó
kó tó lanu fún dókítà.

Fàbíyẹ̀n ò kúrò lójú kan: méjìlélọ́gọ́rin.
Líyọ̀n, àjà karùn-ún, ẹsẹ̀ ló fi ń gùn ún;
ilé ìdáná tí èèyàn méjì ò lè yípo nínú rẹ̀.
"Fún ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kí ṣéènì kẹ̀kẹ́ má jẹ ẹ́."
Wọ́n là á níkùn, owó kọfí ló san.
Lóṣù kẹjọ, ó pa iṣẹ́ tì, ó dojú kọ òkun,
síbẹ̀ owó bàlúù ilé kì í pé.

"Èwo ló sàn nínú wọn?"
Ìyá wa ló ń bèèrè, ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.
Ṣòkòtò méjì rọ̀ sára ìṣó,
eruku ọyẹ́ ti ń wọ̀ wọ́n wò.

Mo há abẹ́rẹ́ sẹ́nu.
Ẹni tó há abẹ́rẹ́ sẹ́nu kì í fèsì.