Wákàtí Mẹ́rin

Láàárọ̀, èmi ni mo ni ọwọ́ mi.
Mo di ṣùkú, mo di kòlẹ́sẹ̀, n ò sinmi.
Ọjọ́ rọ̀, irun Látúndùn ku ìlà mẹ́ta,
apá mi já wálẹ̀ bí aṣọ tútù lórí okùn,
ìpéǹpéjú bò mí lójú.
Wọ́n ní mo ń tòògbé.
N ò tòògbé.

Oyèlàkin apòògùn, ní ọsibítù Ògbómọ̀ṣọ́,
fi ìka yàwòrán sórí tábìlì:
"Ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí iṣan apá yín.
Ìránṣẹ́ ń dé, wọ́n ti dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn.
Kó sì tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì,
agbálẹ̀ kan ti gbá a dànù.
Oògùn yìí ò ṣílẹ̀kùn o.
Ọwọ́ agbálẹ̀ ló dì mú."

"Títí di ìgbà wo?"
"Bíi wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, á já ara rẹ̀ gbà."

Mo wá ń ka aago bí ajigbèsè.
Mo gbé méjì pọ̀ rí:
inú lọ́ mi, itọ́ ń dà. Ó tó.
Kí n tó jẹun ni mo ń gbé e mì,
kí àgbọ̀n mi má bàa dákẹ́ sídìí àgbàdo.

Látúndùn, sún mọ́ fèrèsé.
Aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.