Yánrin Etí Odò Àsà

Mo ra yánrin ẹgbẹ̀rún náírà létí Odò Àsà.
Ìyá Rábì fi ìdì kan ṣe ènì:
"Olùkọ́, ọbẹ̀ kí lẹ fẹ́ sè?"
Ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ.

Ní Tankẹ, mo sá a sí òjìji,
mo lọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú ọtí líle
títí oje rẹ̀ fi dúdú bí àdín.
Mo kán an sórí hóró ẹ̀jẹ̀ tó ya ìgárá,
àwọn tó gbàgbé ikú,
tí wọ́n ń bí sí i, tí wọ́n ń bí sí i,
tí wọ́n ń lé onílé síta nínú mùdùnmúdùn eegun.

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo dojú bo ẹ̀rọ awò:
nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàlélógójì ti rún.
Mo fẹ́ pariwo. Ohùn ò jáde.
Inú abọ́ gíláàsì ni wọ́n kú sí;
abọ́ ò ní kíndìnrín, abọ́ kì í bì,
abọ́ kì í ké pe ìyá rẹ̀ lóru.

Sanúsí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbóòórùn ewé lọ́wọ́ mi
lórí bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ ń dán bí igbá tuntun.
"Àǹtí, ṣé tèmi ni?"
"Gba abẹ́rẹ́ tí dókítà fún ẹ.
Èyí ò tíì mọ ọ̀nà inú ara."
"Ṣé ó korò?"
"Ó korò."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún wà létí odò.
Ìyá Rábì ti di tèmi sílẹ̀.